Ìrẹ̀wẹ̀sì, Ìyànjú àti Ìgbàgbọ́ nínú Ìtàn-Àròsọ D. O. Fágúnwà

Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwọn lámèyítọ́ ti ń tọ́ka sí àléébù kan nínú ìwé ìtàn-àròsọ D. O. Fágúnwà, èyí ni pé òǹkọ̀wé náà fẹ́ràn ìwàásù jù. Bí ìtàn bá ti dùn dé góńgó, tí ọdẹ àti iwin ti wọ̀yá ìjà, òǹkọ̀wé yóò dá ìtàn dúró, yóò kọjú sí òǹkàwé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní ìmọ̀ràn bí àlùfáà tí ó wà lórí àga ìwàásù. Bámgbóṣé (1974) kò fi èyí bò rárá nínú ìwé rẹ̀ tí ó jẹ́ òpómúléró fún gbogbo ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ lórí Fágúnwà. Ní ti Irele (1975), ó gbà pé agbára Fágúnwà wà nínú ojú tí Yorùbá fi ń wo ènìyàn àti ayé tí ó yí i ká, kì í ṣe nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí ó wà lójú ìwé. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà láàrin wa pé kí á pín iṣẹ́ Fágúnwà sí méjì: ìtàn ni a ń gbádùn, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni a ń fo kọjá.

Èrò tiwa nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ díẹ̀. A gbà pé ìwàásù inú àwọn ìwé náà pọ̀, a sì gbà pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń wá ìgbàgbọ́ Fágúnwà ni kò tọ̀nà. Bí a bá wo ibi tí ẹ̀dá ìtàn ti rẹ̀, tí ebi ti ń pa á, tí kò mọ ọ̀nà mọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ti fẹ́ kú, ibẹ̀ ni a ó ti rí ohun tí òǹkọ̀wé yìí gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run. Ohun tí ó sì máa ń wà níbẹ̀ ni ẹnìkan tí ó yọ sí ẹni tí ó rẹ̀. Ìwàásù kì í sábà sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí á mú akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan tí a rán láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìlú Oǹdó lọ sí Ìjàrẹ, ní ìtòsí Àkúrẹ́, fún ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni. Owó ọkọ̀ ni ó ń dà á láàmú ní òwúrọ̀, ilé tí ó wọ̀ sí kò ní iná, àwọn ọmọ kíláàsì kò ní ìwé, òun fúnra rẹ̀ sì mọ ohun tí ojú àwọn tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà ń rí. Láàrin ọdún 2015 sí 2017, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ni ó jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù púpọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára wọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí irú ọ̀dọ́ olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ níwájú kíláàsì, ṣé ìwé náà ní ohun kan láti bá òun fúnra rẹ̀ sọ, àbí iṣẹ́ ìdánwò lásán ni? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ yẹ̀ wò. A kò wá láti wàásù; ẹni tí ó bá fẹ́ ìyẹn mọ ibi tí yóò ti rí i ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ohun tí èdè fúnra rẹ̀ sọ

Kí á tó wọ inú ìwé, ó yẹ kí á dúró díẹ̀ ti àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò. Ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe ìbànújẹ́. Ìbànújẹ́ a máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀fọ̀, ó ń dorí àgbà kodò, gbogbo ènìyàn a sì rí i. Ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe báyìí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé, bí iná tí kò rí igi mọ́. Ẹni tí ó ń rẹ̀wẹ̀sì ṣì ń jí lọ sí ibi iṣẹ́, ó ṣì ń kí ènìyàn, ó sì lè máa rẹ́rìn-ín. Agbára tí ó fi ń ṣe é ni ó ń lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà ni kò fi sí ayẹyẹ kankan fún ìrẹ̀wẹ̀sì ní ilẹ̀ wa. A ń lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ń lọ kí ẹni tí ojoojúmọ́ ń rẹ̀?

Ní ìdà kejì, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá a lóhùn. A ní kí á gba ènìyàn ní ìyànjú. A sì ní kí ènìyàn gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Gbìyànjú, tí a ń lò fún akitiyan ẹni, jẹ́ àkànpọ̀ gbà àti ìyànjú. Bí a bá tú u báyìí, ẹni tí ó ń gbìyànjú jẹ́ ẹni tí ó gba ìyànjú. Akitiyan tí a rò pé láti inú ẹni ni ó ti wá, èdè Yorùbá ń sọ fún wa pé a gbà á ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́, tí gbà àti gbọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò gbà gbọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun kan lẹ́nu ẹnìkan. Ìtùnú pẹ̀lú, tí ó wá láti inú tù àti inú, ohun tí ó wá láti ìta láti mú inú tu ni. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣe òléwájú wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, rí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lò nítorí pé ìlú ti ń lò wọ́n. Fágúnwà tí ó jẹ́ ọmọ ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì jogún wọn pẹ̀lú gbogbo ìtumọ̀ tí ó fara sin sínú wọn. A ó rí i níwájú pé bí èdè ti sọ ọ́ náà ni òun ti fi í hun ìtàn.

Òǹkọ̀wé àti àsìkò rẹ̀

Òkè-Igbó, ìlú tí kò jìnnà sí Oǹdó, ni a bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní 1903. Orúkọ ìdílé rẹ̀ fi hàn pé Ifá ti wà nílé kí ẹ̀sìn Kírísítì tó dé, nítorí àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí ó yí padà di onígbàgbọ́. Ilé ìwé St. Luke's ní Òkè-Igbó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's, Ọ̀yọ́, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti wá di olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ẹ kíyè sí i pé olùkọ́ ni ó kọ ìwé yìí. Òun kì í ṣe àlùfáà.

Àsìkò náà kò rọrùn. Ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dojú dé láti 1929, owó kòkó sì já wálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti gbára lé e. Ní àkókò yìí kan náà ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Ìlésà, ní 1930, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ìtàn ìpè ọkùnrin yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń rin ọ̀nà Ìlésà sí Àkúrẹ́. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì ni ó jẹ́, iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni ó sì ń ṣe ní Ìkẹ́jì-Arákejì, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga yunifásítì tí a fi sọ orí rẹ̀ wà lónìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́, Babalọlá sì gbìyànjú títí ó fi sú u. Àárín sísú yẹn ni ó sọ pé òun ti gbọ́ ohùn kan. A kò sọ pé Fágúnwà mú ìtàn yìí kọ ìwé. Kò sí ẹ̀rí fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938 láti ilé ìtẹ̀wé C.M.S., etí àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti mọ irú ẹ̀rí kan: iṣẹ́ dúró, ọwọ́ rọ, ohùn dé.

Ẹrẹ̀ àti igbó

Gbogbo ìgbà ni a ń fi ìwé Fágúnwà wé ti John Bunyan, Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìtàn ìrìn àjò onígbàgbọ́ kan, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1678. David Hinderer, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí ó gbé Ìbàdàn, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù sì kà á. Àwọn tí ó ń ṣe àfiwé yìí a máa dúró sí ìrìn àjò àti orúkọ tí ó ní ìtumọ̀. A rò pé ibi tí ó yẹ kí á tẹjú mọ́ jù ni bí òǹkọ̀wé méjèèjì ṣe mú ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì.

Lọ́dọ̀ Bunyan, ìrẹ̀wẹ̀sì jẹ́ ẹrẹ̀. Kò pẹ́ tí arìnrìn-àjò kúrò nílé tí ó fi jìn sínú ẹrẹ̀ kan tí a fi orúkọ ìrẹ̀wẹ̀sì pè, tòun ti aládùúgbò rẹ̀ kan tí ó bá a jáde. Aládùúgbò yìí yọ ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì pa ojú dà sí ilé. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìrànlọ́wọ́ ni ó wá fa ẹni kejì jáde. Ọkùnrin náà sì bi í ní ìdí tí kò fi wo ibi tí òkúta àtẹ̀gùn wà. Òkúta wọ̀nyí ni ìlérí Ọlọ́run. Nígbà tí ó yá, tí arìnrìn-àjò àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tuntun bọ́ sínú ẹ̀wọ̀n òmìrán tí ń jẹ́ Àìnírètí, kọ́kọ́rọ́ tí ó tú wọn sílẹ̀ ti wà ní àyà arìnrìn-àjò náà fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó kàn gbàgbé ni. Ohun tí Bunyan ń sọ hàn kedere. Ìmọ̀lára ẹ̀ṣẹ̀ ni ó bí ẹrẹ̀ náà, ohun tí yóò gba ènìyàn sì ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó rántí rẹ̀ ni ó kù. Ó ní ìbáwí díẹ̀ nínú.

Lọ́dọ̀ Fágúnwà, igbó ni. Ẹ jẹ́ kí á rántí ẹni tí Àkàrà-Ògùn jẹ́. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, orúkọ tí ó ń jẹ́ sì ti sọ fún wa pé oògùn ni a fi pò ó. Bí ẹnìkan bá wà tí kò yẹ kí ó ṣe aláìní ohun tí yóò gba ara rẹ̀ là, òun ni. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wọ ìjàkadì nínú ìrìn àjò rẹ̀ kìíní, ó bá ara rẹ̀ níbi tí kò mọ̀, kò sí ẹnìkan lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì sunkún sí Ọlọ́run. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń sunkún lé lórí. Àárẹ̀ ni, ìdáwà ni, àìmọ̀nà ni. Níbẹ̀ ni obìnrin arẹwà kan ti yọ sí i, tí ó sì sọ fún un pé Ẹlẹ́dàá ni ó rán òun. Ìrànlọ́wọ́ ni orúkọ rẹ̀.

Orúkọ yìí àti ti ọkùnrin inú ìwé Bunyan jọra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè pè é ní èèṣì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Fágúnwà yí padà. Obìnrin yìí kò bi ọdẹ ní ìdí tí kò fi rí òkúta. Kò bá a wí fún oògùn tí ó wà lára rẹ̀, kò sì ní kí ó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ohunkóhun kí òun tó là á lọ́nà. Ó wá nítorí pé ọkùnrin náà ń sunkún. Òǹkọ̀wé tí a ní ó fẹ́ràn ìwàásù rí àyè ìwàásù tí ó dára jù lọ nínú gbogbo ìwé náà, kò sì lò ó! A kò tíì rí lámèyítọ́ tí ó tẹnu mọ́ èyí tó bí ó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì. Ní tiwa, níbẹ̀ ni ìgbàgbọ́ Fágúnwà ti hàn jù: Ọlọ́run kò fi àlàyé dá ìrẹ̀wẹ̀sì lóhùn, ẹnìkan ni ó rán. Ohun tí èdè ti sọ pé ìyànjú jẹ́ ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ni ìtàn sọ di ènìyàn tí ó ní ojú àti ẹnu.

Ó sì yẹ kí á ṣàkíyèsí pé Ìrànlọ́wọ́ kò sọ igbó di ìgboro. Ó tọ́ ọdẹ sọ́nà, ó lọ. Iwin ṣì wà níbẹ̀. Ọdẹ náà tún padà sí igbó yìí lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì tún rí màbo. Ẹni tí ó ń retí pé kí ìgbàgbọ́ mú wàhálà kúrò kò ní rí ìtẹ́lọ́rùn nínú ìwé yìí.

Láti ìdáwà dé àjọrìn

Ìhun ìtàn náà ṣe ìtọ́sọ́nà fún wa síwájú sí i. Ìrìn àjò mẹ́ta ni ó wà nínú Ògbójú Ọdẹ. Àkàrà-Ògùn dá lọ nínú méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, tí ọba rán an sí Òkè Lángbòdó, ni ó ti ní ẹlẹ́gbẹ́: Kàkò, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn mìíràn. Ìwọ̀nyí kò tún ní láti máa dúró de obìnrin láti ọ̀run ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ọ̀kan bá rẹ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n tí ó rí kó bọ̀ lẹ́yìn ọdún méje tí ó fi wà nínú igbó, Olóhùn-iyọ̀ sì ní orin. Ẹni tí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ìjàrẹ tàbí ní Òkè-Igbó yóò dá ètò yìí mọ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ti ọ̀run wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe fún ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà délé, òǹkọ̀wé kò sì fi èyí pa mọ́ fún wa.

Ojú yìí ni a fi lè wo Ìrágbèje onílé ojú méje. Lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí ni àwọn ọdẹ gbé lo ọjọ́ méje, tí ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó ní Fágúnwà ń wàásù jù máa ń tọ́ka sí, a kò sì lè jà wọ́n níyàn pátápátá, torí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Àwọn ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí a lè yọ kúrò tí ìtàn kò sì ní farapa. Ṣùgbọ́n àkókò tí ẹ̀kọ́ náà wáyé kò yẹ kó bọ́ lójú wa. Inú ilé ni, lẹ́yìn ìrìn tí ó le, láàrin ẹgbẹ́, lẹ́nu onílé tí ó gbà wọ́n lálejò. Fágúnwà kò wàásù fún ẹni tí Àgbákò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ṣubú. Ó jọ pé olùkọ́ náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí á sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí á kàn fa ènìyàn dìde.

Ìlànà ìsọ̀tàn pẹ̀lú kò yàtọ̀. Bàbá arúgbó kan ni ó yọ sí òǹkọ̀wé ní òwúrọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí ó mú ìwé àti ohun ìkọ̀wé kí ó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀, kí ó má baà kú kí ìtàn náà sì bá a lọ. Ní ọjọ́ kìíní, òǹkọ̀wé nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ti gbọ́; nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, èrò ti pé bìbà. Ohun tí ẹnìkan fi omijé là kọjá nínú igbó ni ó wá ń fa ìlú jọ. Ẹni tí ó bá mọ ìsìn ẹ̀rí ní àárín àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ bí ènìyàn ṣe ń dìde láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí àwọn tí ó jókòó sì ń gba ìyànjú níbẹ̀. Bàbá yìí ń jẹ́ ẹ̀rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn iwin ni ó ń sọ.

Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò yọ sí

Kò yẹ kí ìyìn wa di àṣejù. Bí a bá sọ pé ìgbàgbọ́ Fágúnwà wà níbi tí a ti rán ẹnìkan sí ẹni tí ó rẹ̀, a gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí a kò rán ẹnikẹ́ni sí. Nígbà tí Kàkò ń múra láti lọ sí Òkè Lángbòdó, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kí ó má fi òun sílẹ̀. Kàkò pa á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin yìí rẹ̀wẹ̀sì, ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àkàrà-Ògùn náà ti ṣe nínú igbó. Kò sí Ìrànlọ́wọ́ kankan tí ó yọ sí i. Ìtàn náà kọjá lára òkú rẹ̀ bí ẹni pé igi ni ó dínà. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìtàn akọni ni, pé irú ìwà báyìí wọ́pọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwáwí náà kò tẹ́ wa lọ́rùn. Òǹkọ̀wé tí ó lè rí omijé ọdẹ yẹ kí ó rí ti ìyàwó ọdẹ, olùkọ́ tí ó bá sì ń kọ́ ìwé yìí láì dúró níbí ń fi nǹkan du àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, pàápàá àwọn ọmọbìnrin.

Ìṣòro mìíràn wà nínú Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní 1961, nǹkan bí ọdún méjì kí Fágúnwà tó kú sómi ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Nínú gbogbo ìwé rẹ̀, èyí ni ó sún mọ́ ìgbé ayé ojoojúmọ́ jù. Iwin kò pọ̀ níbẹ̀, òṣì ni ó pọ̀. Ìpọ́njúdìran ni orúkọ ìyá Àdììtú, orúkọ kan ṣoṣo tí ó sọ gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ ojú ìwé ì bá sọ: ìpọ́njú náà ti di ohun tí a ń jogún. Ebi ni ó lé ọmọ náà kúrò nílé wọ inú igbó. Kò sí akọni nínú rẹ̀, kò sí ọba tí ó rán an. Apá yìí dára púpọ̀. Bí òǹkọ̀wé ṣe ṣàpèjúwe ilé tí kò sí oúnjẹ ní òótọ́ tí kò sí nínú ìjà Àgbákò, nítorí pé a kò tíì pàdé Àgbákò rí, ṣùgbọ́n a ti pàdé ìkòkò tí ó ṣófo.

Ṣùgbọ́n Fágúnwà kò lè fara dà á títí. Àdììtú di olówó, ó pàdé Ìyùnadé, lẹ́tà ìfẹ́ tí wọ́n kọ sí ara wọn sì gbajúmọ̀ títí di òní. A gbádùn àwọn lẹ́tà náà bí gbogbo ènìyàn ti ń gbádùn wọn. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ ti ìyànjú, ìwé yìí kò lágbára tó Ògbójú Ọdẹ. Owó ni ó dáhùn ìbéèrè tí ebi béèrè. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ ẹni tí ó ń sọ òtòṣì di olówó, kí ni a ó sọ fún àwọn tí Ìpọ́njúdìran ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn? Lóde òní tí ìwàásù nípa ọrọ̀ gba gbogbo rédíò ní Àkúrẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òǹkàwé lè rò pé ohun tí Fágúnwà ń sọ náà nìyẹn. A rò pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ìwé rẹ̀ kìíní ta ko ó. Ọdẹ tí Ìrànlọ́wọ́ yọ sí kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ni ó gbà.

Nínú kíláàsì

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wa tí ó wà ní Ìjàrẹ yóò wá ṣe? Ohun méjì ni a máa ń rí i tí àwọn olùkọ́ ń ṣe sí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ inú Fágúnwà. Àwọn kan fò ó, wọ́n ní lítíréṣọ̀ ni àwọn ń kọ́, àwọn kò kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Àwọn mìíràn sọ kíláàsì di ilé ìsìn, wọ́n gbàgbé pé ọmọ Mùsùlùmí jókòó níbẹ̀ àti ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bọ Ògún. Méjèèjì ni ó ń sá fún iṣẹ́. Ìgbàgbọ́ inú ìwé yìí kì í ṣe ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn lára, a lè tọ́ka sí i nínú ìhun ìtàn, nínú ìfìwàwẹ̀dá àti nínú orúkọ, bí a ti ń tọ́ka sí àfiwé tàbí ìfohunpènìyàn. Ọmọ Mùsùlùmí kò nílò láti di onígbàgbọ́ kí ó tó lè dáhùn ìdí tí Ìrànlọ́wọ́ kò fi bá ọdẹ wí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún yẹ fún ìwádìí àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìtúmọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, àwọn onímọ̀ péjọ sí Àkúrẹ́ láti sàmì àádọ́ta ọdún tí Fágúnwà kú, Wọlé Ṣóyínká tí ó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 sì wà lára àwọn tí ó sọ̀rọ̀. Ṣóyínká pe Ìrànlọ́wọ́ ní Helpmeet. Ó bọ́ sí i lọ́nà kan, torí pé inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, níbi tí a ti dá Éfà. Ṣùgbọ́n aya ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, Ìrànlọ́wọ́ kì í sì í ṣe aya ọdẹ. Ohun mìíràn tí ó tún sọ nù ni ọwọ́. Nínú Yorùbá, ọwọ́ ni a ti ń ran ènìyàn: iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí a bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní ojú ìwé náà ní èdè méjèèjì, kí wọ́n wá ibi tí ọwọ́ wà àti ibi tí kò sí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni.